Orúkọ Kẹfà Tí Mo Ní Àyè Kò Gbà

Òkè-Àró, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí o tó ka ìwé yìí jìnnà, yí ẹ̀yìn àpò rẹ̀ wò. Bí lẹ́ẹ̀ tí mo fi dí i bá ti ṣí, má bá dírẹ́bà tó gbé e wá jà. Ṣáà wò ó bóyá ìwé pélébé kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, fi sáàárín Bíbélì rẹ, kí o ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí o wá jókòó. Ọ̀rọ̀ pọ̀.

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní o ti rí ṣọ́ọ̀bù ní Oǹdó, o ti gbé kọ̀ǹpútà tuntun rẹ sórí tábìlì, o sì ti kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé o ń ṣe káàdì àti lébẹ́ẹ̀lì tó ní orúkọ oníbàárà lára. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi ti di ọ̀gá. Àfi bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ ìwé, tí o kọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò ju ìkíni lọ, pé iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó wọlé ni ti ìsìnkú Bọ̀ọ̀dá Akínlàbí. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ lébẹ́ẹ̀lì tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ abọ́ ìdúpẹ́. Wọ́n ní, "Irú èyí tí Mọ́mì yín ṣe nígbà tí bàbá àgbà wa kú ni ká ṣe, èyí tó ní kòkó létí."

Orí àpótí ìdáná ni mo jókòó sí tí ìrẹsì fi jóná.

Yẹmí, n kò kọ irú ìwé báyìí sí ẹnikẹ́ni rí. Ilé-ìwé girama tí mo kà kò kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń jẹ́wọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ya á. Mo mọ̀ pé ìyá ló yẹ kó gba ọmọ nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ràn wo ló wà lẹ́nu ẹni tó jìn sí kòtò? Bóyá èyí kan ṣoṣo, pé kòtò wà níbí.

Èkíní. Bẹ̀rù iṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé eré ọmọdé ni.

O kéré nígbà tí nǹkan le. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé lójoojúmọ́, owó oṣù kò sì wọlé fún oṣù lórí oṣù. Ó máa ń ṣẹ́ ẹfun ìkọ̀wé rẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́. Èmi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n pè wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ọ́fíìsì kan ń gbé jù nù ni mo fi owó ìdágbére rà, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń dún bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ìwọ lo sọ kọ̀ǹpútà náà ní Oníkùn, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún.

Obìnrin olóyin kan láti Ìta-Ògbólú ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Mo ya kòkòrò oyin méjì sí igun ìwé, mo kọ "Oyin Gidi ti Ìyá Táíwò" sáàárín. Oyin kan náà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rà lọ́wọ́ ọdẹ kan náà, síbẹ̀ tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tán. Ó padà wá, ó ní, "Ìyá Yẹmí, wọ́n ní oyin tèmi kò ní omi nínú. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Wọ́n ní ṣé ẹ ò rí i pé kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́ ni?" A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Mo tún ṣe káàdì ọjọ́ ìbí fún tíṣà àgbà kan. Nígbà tó rí orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, ó bú sẹ́kún. Ó ní yàtọ̀ sí ìwé owó oṣù, òun kò rí orúkọ òun tí wọ́n tẹ̀ sórí ohunkóhun rí láyé.

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí. Ní àkókò yẹn, àwọn ènìyàn wa gbà pé ènìyàn lè fi ọwọ́ kọ irọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè purọ́. Mo gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ mi. N kò bi ara mi pé ta ló jókòó níwájú kọ̀ǹpútà náà.

Ìkejì. Má jẹ́ kí ẹwà iṣẹ́ rẹ ju ènìyàn lọ lójú rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ti Mojí. O lè má rántí rẹ̀ dáadáa. Mojísọ́lá, ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó kan ní Oǹdó, bàbá Akínlàbí. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti rẹ̀ jókòó sí fún ọdún márùn-ún ní girama. Bọ́lọ́rundúró, ní oko bàbá rẹ̀, ni wọ́n ti bí i. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti pàdé ìyá rẹ̀, kò sì mú obìnrin náà wọ ilé ńlá ní Oǹdó rí, nítorí pé ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó fi òrùka gbé, ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé Mojí wá sílé ìwé fúnra rẹ̀. Bó bá dé ẹnu géètì, á ní, "Ẹ bá mi mójú tó ọmọ mi kẹfà o." Gbogbo wa la ń pè é ní Ọmọ Kẹfà.

Nígbà tí mo bí ọ, ìyá mi ti kú. Mojí ló wá láti oko, tó wẹ̀ ọ́ fún ogójì ọjọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló nà ọ́ ní apá àti ẹsẹ̀. Bí o bá ń sunkún, á ní, "Dákẹ́, ìyá ẹ kò mọ ọmọ wẹ̀, ìwé nìkan ló mọ̀."

Bàbá wọn kú ní ọdún tí nǹkan le jù. Akínlàbí, àkọ́bí ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, wá bá mi ní Àkúrẹ́ fún lébẹ́ẹ̀lì abọ́. O mọ bó ṣe rí ní ilé wọn: orúkọ àwọn ọmọ òkú ni wọ́n ń kọ sí abọ́, tálejò bá sì gbé abọ́ lọ sílé, ó ti mọ àwọn tó sin bàbá. Ìwé kan ló mú wá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ kọ ọ́ kó tó kú, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ, orúkọ ọmọ mẹ́sàn-án, ó sì kọ nọ́ńbà síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Mojísọ́lá ni ìkẹfà.

Kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Nígbà tí Akínlàbí padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láti wo iṣẹ́ náà, kò wá pẹ̀lú ìpinnu. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ ra orí.

"Ìyá Yẹmí, ẹ rí nọ́ńbà kẹfà yẹn? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dà wá láàmú nílé. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò wọlé wa rí. Bàbá ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe."

Ọ̀rọ̀ kan ló ń wá lẹ́nu mi, Yẹmí. Bí mo bá ti ní, "Bọ̀ọ̀dá, ohun tí Bàbá kọ ni ká tẹ̀," ìyẹn ni ì bá ṣe. Ó dá mi lójú.

Ṣùgbọ́n èmi ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo ti lo ọjọ́ mẹ́ta láti ya kòkó yí etí lébẹ́ẹ̀lì náà ká, èso kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ewé rẹ̀, èyí tó tóbi jù ní ìsàlẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe rí nìyẹn. Orúkọ mẹ́jọ dúró nínú rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó gún régé bí eyín ọmọge. Ìkẹsàn-án ló dá dúró ní ìsàlẹ̀, tó gun orí kòkó mi. Mo sì tún ń bẹ̀rù pé kí ó má gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ká tilẹ̀ fi ti ilé sílẹ̀. Àyè kò gbà á. Mẹ́jọ ni ìwé yìí lè gbà."

Ó wò mí. "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ní, "Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, kò sí ẹni tó máa bá mi jà."

Mo fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì, orúkọ Mojí ń pa rẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Bàbá rẹ ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án yẹn, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ìwé, ó ń wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ìyá Yẹmí, mẹ́sàn-án ni mo kà níbí, mẹ́jọ ni mo rí lọ́hùn-ún."

Mo ní, "Ẹ lọ jẹun, Tíṣà. Ẹ kì í ṣe ọ̀gá mi."

"Oúnjẹ wo ni?" ló fi dá mi lóhùn, ó sì jáde. Nǹkan tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, o gbọ́? Pé ó fi oúnjẹ bú mi. N kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi kò wo ẹ̀yìn ẹ̀fà.

Ìkẹta. Bí wọ́n bá rán ọ ní iṣẹ́ ẹrú, fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìpàdé ẹbí. Wọ́n fẹ́ pín oko Bọ́lọ́rundúró. Mojí ló ń ro apá kan níbẹ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti rọ, òun ló ń ká kòkó, òun ló ń sá a. Àwọn ọmọ ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì gbé abọ́ jáde. Mojí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi: bàbá àgbà kan tí kò mọ̀wé ló gbé abọ́ náà sókè, tó dorí lébẹ́ẹ̀lì kodò, tó ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwọn ọmọ tó sin ín rèé, kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́. Mojísọ́lá, ìwọ náà gba abọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ṣé o sọ̀rọ̀?" Kò sọ̀rọ̀. Ó ń sunkún bàbá rẹ̀ ni, kò ka abọ́. Àwọn tó mọ òtítọ́ sì ń wo ilẹ̀.

Ó gbé abọ́ náà sí abẹ́ apá, ó wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́. Kò kí mi. Ó gbé e sórí tábìlì.

"Yéwándé, ka ibí yìí fún mi."

"Mojí, ìwọ náà mọ̀wé."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kí o kà á fún mi."

Mo kà á. Orúkọ mẹ́jọ.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Tún un kà. Bóyá o fo ọ̀kan."

Mo tún un kà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò rí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní, "Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló yọ mí. Mo ní kọ̀ǹpútà ta ni? Wọ́n ní ti Ìyá Yẹmí ní Àkúrẹ́. Inú mi dùn, Yéwándé. Mo ní ha, ọ̀rẹ́ mi ni, àṣìṣe ni, á bá mi tún un ṣe. Ìwé tí Bàbá fọwọ́ kọ ńkọ́? Ṣáà fún mi ní ìyẹn, kí o sì tẹ̀lé mi lọ sọ fún wọn pé mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé wá."

Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Akínlàbí ti ránṣẹ́ pé kí n sun ún, n kò sun ún. Ó sì ti ṣèlérí pé òun máa gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ wọn wá fún mi. Bí mo bá fún Mojí ní ìwé náà, gbogbo Oǹdó á mọ̀ pé èmi ni mo purọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Mo ní, "Mo ti dà á nù."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ó kàn ní, "Ó dáa. Mú abọ́ yìí. Ó lè bu gààrì." Ó sì lọ.

Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà yẹn kò wá títí dòní.

Wọ́n lé Mojí kúrò lóko ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè, nígbà tí kòkó ń pọ́n lórí igi. Ó lọ gba ilẹ̀ díẹ̀ ro lẹ́bàá Ìgbàrà-Òkè, ó gbin ẹ̀gẹ́. Àìsàn mú un níbẹ̀. N kò lọ wò ó. Mo ń sọ pé n óò lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ẹnìkan fi sọ fún mi nínú mọ́tò pé ó ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìbùkún, wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Màámi, wọ́n ní ẹ máa ń ṣe káàdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe fún Mọ́mì mi. Orúkọ èmi nìkan ló máa wà níbẹ̀. Kò níí gba àyè."

Mo ní íńkì mi ti tán. Íńkì kò tán, Yẹmí. Ojú ló ń tì mí láti tẹ orúkọ náà.

Ìkẹrin, tàbí ìkarùn-ún, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́: ohunkóhun tí oníbàárà bá fọwọ́ kọ wá, tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì béèrè rẹ̀, gbé e jáde. Má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù nítorí òjò, èéfín rẹ̀ ń pani. Máa jẹun kí o tó jókòó ti iṣẹ́. Bí o bá ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni kọ, fi owó ara rẹ tún un tẹ̀, má ti ẹ̀bi sí ẹ̀rọ lọ́rùn. Ẹ̀rọ kò ní ẹnu tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní báyìí, ohun tó wà nílẹ̀. Akínlàbí ti kú, wọn yóò sì tún pàdé lórí oko Bọ́lọ́rundúró. Mo ti wádìí: Sátidé tó ń bọ̀ ni, ní ilé ńlá wọn, ní agogo mẹ́wàá. Ìbùkún wà ní Oǹdó níbẹ̀, ó ń ránṣọ ní òpópónà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì tí o ń lọ. Ìwé pélébé tó wà nínú àpò yìí ni èyí tí bàbá ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àwọn arúgbó tó ṣì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tún pín ilẹ̀ náà láìrí i, ó tán nìyẹn.

Mo fẹ́ wá fúnra mi. Mo fẹ́ dúró láàárín wọn, kí n sọ ohun tí mo sọ fún ọ yìí. Àpò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, Àbẹ̀kẹ́. Mo ti di àpò nítorí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì rí, ẹ̀ẹ̀kan mo tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò. Nítorí náà ni mo ṣe rán ìwé náà ṣáájú mi, kí ẹ̀rù mi má baà tún gbà á padà. Bí agogo mẹ́sàn-án bá lù tí o kò rí mi, má dúró dè mí. Mú un fún Ìbùkún, kí o sì sọ ẹni tó fi í pamọ́. Dárúkọ mi.

Àwọn ọmọ Akínlàbí lè kó iṣẹ́ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kí wọ́n kó o. Bí wọn kò bá kó o, orúkọ gbogbo ọmọ tó bí ni kí o béèrè, lẹ́ẹ̀mejì, kí o tẹ gbogbo rẹ̀. Má sì fi kòkó mi sí i. Ya nǹkan mìíràn.

N kò ní kí o dárí jì mí. N kò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ ni ìdáríjì yẹn wà. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Ohun kan ló kù. Lánàá mo tan Oníkùn. Ó pẹ́ kó tó jí, ṣùgbọ́n ó jí. Mo fi dísìkì àtijọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, lébẹ́ẹ̀lì náà sì jáde, kòkó àti ewé, orúkọ mẹ́jọ. Mo dín lẹ́tà kù, díẹ̀ báyìí, tó jẹ́ pé ìwọ gan-an kò níí mọ̀ bí n kò bá sọ fún ọ. Mo kọ Mojísọ́lá sí ipò kẹfà. Mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ abọ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún mi. Abọ́ náà wà lórí àpò mi lẹ́nu ọ̀nà.

Kòkó kan kò kúrò láàyè rẹ̀, Yẹmí. Àyè gbà á.

Ìyá rẹ,
Yéwándé.